Ìrù Ọ̀rá Ọlọ́rùn Aró

Òórùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa l'Óṣogbo, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ń ti apá òsì àgbàlá wá, láti inú ìkòkò aró ìyá bàbá mi: òórùn ewé elu tó ti kẹ̀ tó pò mọ́ ti omi eérú, èyí tí àlejò fi ń di imú, tí àwa ọmọ ilé kì í tilẹ̀ gbọ́ mọ́. Èkejì ń ti apá ọ̀tún wá, láti ìdí àtùpà bàbá mi: òórùn ọ̀rá tó ń jó. Ìyẹn máa ń wọ ihò imú bí ata. Mo lè di ojú mi kí n sọ fún yín ẹni tó kọ́kọ́ jí nínú àwọn méjèèjì, àti ẹni tí inú ń bí jù.

Èmi wà láàárín, n kò sì lè jókòó. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ mi. Ní ilé kéú, alùfáà máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ etí aṣọ mi mọ́lẹ̀ kí n má baà dìde kí a tó ka wàláà tán. Ní ilé-ìwé, tíṣà wa kọ ọ́ sínú káàdì mi pé ọpọlọ ọmọ yìí dára ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í gbé bẹ́ǹṣì. Ìyá Àgbà sọ mí ní Òkòtó, nítorí òkòtó kì í dúró àfi bó bá ń yí. Bàbá mi ní tirẹ̀ á kàn wò mí, á ní, "Sìkírátù, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná," kò sì ní pẹ́ tí yóò tún fi rán mi níṣẹ́.

Àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ẹni tí mo ní. Ìyá mi ti ṣaláìsí kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àti ọmọ yìí ò bára wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò jà tí ìlú gbọ́ o, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ìgbà náà ni aṣọ tẹ́rílìn gbòde, a ṣì ń ná ṣílè, àwọn obìnrin tó máa ń gbé aṣọ funfun wá fún Ìyá Àgbà láti rẹ sì ń dín kù. Bàbá mi wí lọ́jọ́ kan, láìní èrò búburú kankan, pé, "Ìyá, ayé aró ti ń lọ." Ìyá Àgbà dáhùn pé ó sàn kí ayé aró lọ ju kí odidi ọkùnrin jókòó máa ṣe ìrù fún ẹja tí kò rí. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan bá fẹ́ gba iyọ̀ lọ́wọ́ èkejì, èmi ni yóò rán. Àgbàlá wa ò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. "Òkòtó, sọ fún bàbá rẹ pé èéfín rẹ̀ ń wọ inú ìkòkò mi." "Sìkírátù, sọ fún wọn pé mo ti gbọ́." Wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn ketekete kí n tó gbé ẹsẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń jíṣẹ́. "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ," ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtìgbàdégbà nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́ bí mo ṣe gba Fátíà gbọ́. Bí Ìyá Àgbà bá ní kí n sọ fún un pé kó gbé òórùn rẹ̀ lọ sínú igbó, màá dé ọ̀hún, màá ní, "Ìyá Àgbà ní ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní àtùpà yẹn ń rùn díẹ̀." Ìwà náà ti wọ̀ mí lára kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀.

Ìrù ìdẹ ni bàbá mi ń ṣe. Ìdẹ tí mò ń wí kì í ṣe ekòló, kì í ṣe ẹran. Ohun ẹ̀tàn ni, tó ń jó nínú omi títí ẹja ńlá á fi rò pé ẹja kékeré ni. Rélùwéè ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ń já ẹrù. Okùn ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹrù, wọ́n á gé e, wọ́n á jù ú nù. Lọ́jọ́ kan èrò kan gbàgbé agolo ìwọ̀ sínú ọkọ̀. Nígbà tó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀, wọ́n fún bàbá mi, ó sì tú ìdẹ inú rẹ̀ palẹ̀, ó rí i pé kò sí ohun tí wọ́n fi ṣe ìrù rẹ̀ ju irú okùn tí wọ́n ń jù nù lọ. Nígbà tí iṣẹ́ ní kó máa lọ sí Kàdúná, ó kọ̀. Ó ní òun ò ní fi ọmọ aláìníyàá sílẹ̀. Ó jókòó ti okùn.

Yóò gé okùn náà ní ìwọ̀n ìka àárín rẹ̀, yóò tú u títí yóò fi di fọ́nrán wẹ́wẹ́, yóò rì í bọ omi gbígbóná kó lè nà. Yóò wá fi ìyarun tó fi ìṣó ṣe yà á, bí ẹni ń ya irun ọmọ tí kì í sunkún. Ìwọ̀nba tó bá wọ ihò ọ̀pá kan tó dá lu ni yóò mú, yóò fi òwú tí Ìyá Àgbà ran nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ dì í lọ́rùn yípo yípo, yóò sì fi orí rẹ̀ kan iná àtùpà kó yọ́, kó dì bí orí ìṣáná, kí fọ́nrán kankan má baà yọ. Yóò wá fi sísọ́ọ̀sì tọ́ ìdí rẹ̀. Méjìlá méjìlá ni a ń so ó. Èmi ni mo ń so ó, bí mo bá ti so ìdì mẹ́ta, mo ti dìde lọ wo ẹni tó ń kọjá lójú títì Òkè Fíà.

Ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan ló ń ra gbogbo rẹ̀. Bàbá Iléṣà là ń pè é. Nílé rẹ̀ ni yóò ti fi ìwọ̀ àti òjé sí i, yóò sì kó o lọ bá àwọn apẹja létí odò Ọya. "Urù" ló ń pe ìrù, "uṣẹ́" ló ń pe iṣẹ́, a sì máa ń sín in jẹ bó bá ti kẹ̀yìn. Ọjọ́ Túsìdeè kan nínú ọyẹ́ ló dé tí kò rẹ́rìn-ín.

"Uṣẹ́ rẹ dáa, Làmídì," ó sọ fún bàbá mi, "ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ funfun mọ́. Ẹja ń rí i, ó ń sá. Urù aró ni wọ́n ń fẹ́, kó dú. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ sódò. Bí o bá rí i gbé wá sí Iléṣà, màá gbà á. Bí kò bá sí, ẹnìkan ti ní aláwọ̀ l'Ékòó."

Ogún ìdì ló wà nílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Bàbá Iléṣà lọ. Bàbá mi bọ́ fìlà rẹ̀, ó yọ lẹ́tà kan jáde, ó tún un kà. Mo mọ lẹ́tà náà. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ló kọ ọ́, pé àyè ṣì ń bẹ ní Kàdúná bó bá ti yí ọkàn padà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo lè ro ìyẹn já: bí ìrù wọ̀nyẹn ò bá di aró kí ọjọ́ Sátidé tó pé, bàbá mi ń lọ.

Aró o! Ìkòkò aró mẹ́fà ló wà ní ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tó jókòó sí. Ìyá Àgbà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń gún elu, ó sì ń bá odó sọ̀rọ̀: "Kò sí ohun tí aró kì í mú. Ẹni tó bá mọ ẹ̀bẹ̀, kó bẹ̀." Bàbá mi tẹ orí mọ́ àtùpà rẹ̀. Wẹ́sìdeè kọjá báyìí. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, mo ń dúró kí wọ́n rán mi. Wọn ò rán mi. Orí mi gbóná. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá orí àwọn àgbà méjèèjì pọ̀, kí Ọlọ́hun foríjì mí.

Ní Tọ́sìdeè, bí mo ṣe ti ilé-ìwé dé, n kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà. "Ìyá Àgbà, bàbá mi ní kí ẹ jọ̀wọ́ bá àwọn rẹ ìrù yẹn. Wọ́n ní kí ẹ má bínú."

Ọmọrí odó dúró. "Ó ní kí n má bínú?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

Mo sáré sọdá. "Bàbá, Ìyá Àgbà ní kí ẹ gbé e wá. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni yín."

Sísọ́ọ̀sì náà dúró. "Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé apẹ̀rẹ̀ náà sọdá àgbàlá. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀," ohùn rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ó ní láti wúkọ́. Inú mi dùn, kò ṣeé sọ. Mo sá jáde, mo sáré dé gáréèjì, mo sáré padà, láìní ìdí kankan.

Ìkòkò tó dára jù ni Ìyá Àgbà ṣí fún un. Ó ti ìka bọ omi eérú rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó ń ta ahọ́n bó ṣe yẹ. Ó rì wọ́n bọ̀ ọ́, ó yọ wọ́n, ó tún rì wọ́n, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí di ọ̀sán Jímọ̀. Bí wọ́n ṣe jáde, àwọ̀ wọn dà bí ti ewé, nígbà tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí wọn, wọ́n di aró gidi. Ìyá Àgbà wo bàbá mi. Ó ní, "Ayé aró ti ń lọ, àbí?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, n kò tíì gbàgbé bó ṣe rí létí mi.

Ó wá kù kí a ṣàn wọ́n. Ìyá Àgbà da omi sínú ọpọ́n, ó kó ìdì àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, gbogbo aró náà sì bọ́. Ó ń bọ́ bí omi ṣe ń yọ̀ kúrò lórí ewé kókò. Ó kó ìdì kejì, ìyẹn náà bọ́. Ọ̀rá náà mọ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Òwú tí a fi dì í lọ́rùn nìkan ló mu aró, ìyẹn sì mu ún dé egungun. Ìyá Àgbà ti etí gèlè rẹ̀ bọ ìkòkò náà bóyá aró ló kú. Gèlè náà di aró lójú wa. Kò sóhun tó ṣe ìkòkò. Ọ̀rá ló kọ̀ ọ́.

Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi sọ pé kò sí ohun tí aró kì í mú, kò sì sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Bàbá mi fẹ́ tù ú nínú. Ó ní, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ̀yin lẹ kúkú ṣàánú mi, tí ẹ ní kí n gbé e wá."

"Èmi?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣèbí ìwọ lo ránṣẹ́ bẹ̀ mí."

Orí àwọn méjèèjì yí sọ́dọ̀ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi ò gbéra. Ẹnikẹ́ni ò nà mí. Ìbá sàn kí wọ́n nà mí. Ìyá Àgbà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi kó ìrù náà sínú apẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọn ò kàn sọ̀rọ̀ ni. Nísinsìnyí, ẹnìkan mọ̀ pé ẹnìkejì ò bẹ òun, ẹnìkejì sì mọ̀ pé a kò pe òun lọ́mọ.

Láàárọ̀ Sátidé, bàbá mi mú mi dání lọ sí Iléṣà. Mo rò pé kí n lè jẹ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń yí lórí ìjókòó ọkọ̀ títí obìnrin kan fi bi mí bóyá èèrà ń jẹ mí. Bàbá Iléṣà gbé ìrù kan sójú oòrùn, ó yí i sókè sódò. "Aró ni mo ní, ọrùn aró lo gbé wá." Ó ní òun ò lè lọ sódò lọ́wọ́ òfo, òun á kó wọn dání, ṣùgbọ́n kí bàbá mi má retí òun. A rìn kọjá nínú ọjà wọn láìra ohunkóhun.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kàdúná. Ìyá Àgbà ò bá wa dé téṣàn. Ó ní kí n sọ fún un pé ó dàárọ̀. Mo jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "Wọ́n ní ó dàárọ̀." Bàbá mi fọwọ́ kàn mí lórí. "Iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́, Sìkírátù." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ rárá. Mo sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà títí ilẹ̀ téṣàn fi tán.

Òjò ti ń rọ̀ gan-an nígbà tí Bàbá Iléṣà tún dé, ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní odò ti kún, omi ti dú, àwọn apẹja ò sì fẹ́ ohun mìíràn mọ́ ju ọlọ́rùn aró lọ. Wọ́n ní ọrùn yẹn ni ẹja ń rò pé ojú ni, ara funfun sì ni wọ́n ń rí nínú omi dúdú. Ogójì ìdì ló ń fẹ́. "Làmídì dà?"

Mo wo àga tó ṣófo. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Àgbà ti jáde, aró wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. "Ọmọ mi ti rìnrìn àjò," ló wí. "Iṣẹ́ ò bá a lọ."

Ó jókòó sórí àga bàbá mi. Ó ní, "Òkòtó, bọ́ síbí, kọ́ mi." Ẹ wo ọ̀rọ̀! Èmi tí n kì í jókòó ni mo wá jókòó kọ́ aláró bí a ṣe ń tú okùn ọ̀rá. Ó bú okùn náà, ó bú àtùpà, ó bú ẹni tó kọ́kọ́ dá ọ̀rá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ yára ju ti bàbá mi lọ. Nígbà tó ku ìdì méjì, mo rí i tó ń fi ìka nu ẹnu sísọ́ọ̀sì náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Ó ní kí n mú bírò, kí n kọ lẹ́tà sí bàbá mi. Ohun tó sọ nìyí: "Kọ ọ́ pé ara mi le. Kọ ọ́ pé òjò ti ya ògiri ẹ̀yìnkùlé. Kọ ọ́ pé à ń ṣe ìrù rẹ̀, kò sì le tó bó ṣe máa ń fajú ro lórí rẹ̀. Ó tán." Mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo kà á fún un. Mo wá jókòó sí ẹ̀yìn ilé kí n tó lẹ̀ ẹ́. Mo ti búra fún ara mi láti ọjọ́ téṣàn pé n kò ní fi ọ̀rọ̀ tèmi kún iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Síbẹ̀, mo kọ ìlà kan sí i: "Ìyá Àgbà ní kí ẹ máa bọ̀ nílé."

Ó dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìrun Àsárì. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n lè kígbe. Ó gbé àpò kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú àga tí í ṣe tirẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ pè mí. Mo dé."

Ìyá Àgbà kò wò ó. Èmi ló wò, ó pẹ́. Mo ti mọ̀ pé ó tán fún mi. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mo pè ọ́," ló wí. "Etí rẹ ló di."

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Àgbà ti kú, bàbá mi náà ti tẹ̀lé e. Ìrù kan ṣì wà lọ́wọ́ mi. Aró ọrùn rẹ̀ ti ń ṣí, ọ̀rá rẹ̀ ò yí padà. Èmi di ògbufọ̀ kóòtù. Ọdún púpọ̀ ni mo fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ fún adájọ́, mo fi Àlùkùránì búra pé ohun tí ẹnu bá sọ nìkan ni n ó máa sọ, n kò sì yẹ ìbúra náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yìn mí fún un nígbà tí mò ń fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá síwájú wa rí, lórí ọ̀rọ̀ ilé. Ìyá náà dìde, ó ní, "Kó máa gbé ilé lọ. N kò lọ́mọ níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀ níparí, ó sì wúkọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn. Adájọ́ bi mí ohun tó wí. Mo ní, ó ní kó máa gbé ilé lọ, òun ò lọ́mọ níbẹ̀. Ọmọ náà gba ẹnu ọ̀nà kan jáde, ìyá gba èkejì, n kò sì gbọ́ pé wọ́n tún pàdé mọ́. Òkòtó ìbá ti sáré sọdá kóòtù lọ kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn, ìbá ní, "Ẹ dúró, màmá yín ń pè yín." Èmi jókòó.